Àwòrán Orí Ìkànnì Yín: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Bí A Ṣe Ń Kó O Pamọ́

Ìtòsí Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìkànnì ayélujára. Àwọn ayàwòrán òde, ilé-ìwé, ìjọ, àti àwọn tó ń ta aṣọ òkè ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Orí WordPress, ètò tí a fi ń kọ́ ìkànnì, ni púpọ̀ nínú ìkànnì tí mò ń tọ́jú wà, ìdí nìyẹn tí àpẹẹrẹ mi fi máa ń ti ibẹ̀ wá. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí lórí fóònù láti àárọ̀ dalẹ́ ni mo kó jọ síbí. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, ẹ ó sì rí i níbi tí ìdáhùn mi bá ti gùn.

Àǹtí, mo ti tẹ Export nínú WordPress, fáìlì kan sì ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà mi. Ṣé àwòrán mi ti wà nínú rẹ̀?

Rárá o. Mo fi ìbéèrè yìí ṣáájú nítorí òun ló ti ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ní jàǹbá jù.

Fáìlì XML ni Export ń gbé fún yín, ọ̀rọ̀ ló sì kún inú rẹ̀: àkọlé, àròkọ, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ọjọ́ tó jáde. Ní ti àwòrán, àdírẹ́sì rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Bí ìgbà téèyàn kọ orúkọ àti ojúlé gbogbo mọ̀lẹ́bí sínú ìwé ni. Ìwé wà lọ́wọ́ yín, mọ̀lẹ́bí kò sí nílé. Tí ẹ bá gbé XML yìí lọ sórí ìkànnì tuntun, ẹ ó rí àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ "Download and import file attachments" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ máàkì rẹ̀, ìkànnì tuntun á sì padà tọ ti àtijọ́ lọ láti kó àwòrán náà níkọ̀ọ̀kan. Ìyẹn tí ti àtijọ́ bá ṣì ń mí. Tó bá ti kú, ọwọ́ òfo ló máa padà wá.

Ìwọ̀n fáìlì ló yẹ kó kọ́kọ́ ta yín lólobó. Ìkànnì tó ní àwòrán ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, tí XML rẹ̀ kò ju megabyte 8 lọ: níbo ni àwòrán á ti gbà wọnú ìyẹn?

Èmi náà ti ṣe é rí. Ayàwòrán kan ní Sábó, obìnrin tó mọ iṣẹ́ dáadáa, ní kí n bá òun kó ìkànnì òun kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó gbà á sílé. Mo tẹ Export, mo fi XML sórí fúláàṣì fún un, mo ní ó ti parí. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò tètè gba ààyè tuntun. Nígbà tí owó ti àtijọ́ tún pé, kò san án, nítorí ó gbà pé ẹrù òun ti jáde. Wọ́n pa àkáǹtì náà rẹ́. Ìgbà tí a wá ṣí XML yẹn, àkọlé ìgbéyàwó pé, orúkọ ọkọ àti ìyàwó pé, ṣùgbọ́n níbi tí àwòrán yẹ kó wà, àpótí funfun kékeré ló tò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ ọdún méje. Ó jókòó síwájú mi, kò bú mi, ó kàn ń yí ojú-ìwé náà lọ sísàlẹ̀ ṣáá. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í fún ẹnikẹ́ni ní XML láì fi fódà àwòrán tì í.

Níbo gan-an wá ni àwòrán wà?

Lórí sẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó gba ìkànnì yín sílé, nínú fódà tó ń jẹ́ wp-content. Ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ ó rí uploads. Ọdún àti oṣù ni wọ́n fi to ibẹ̀: ohun tí ẹ gbé sókè ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 wà ní uploads/2023/10. PDF, ohùn ìwàásù àti fídíò náà ń bẹ níbẹ̀.

Ẹ má dúró sí uploads nìkan. Àwọn plugin gálárì kan, ìyẹn àfikún tí a ń so mọ́ WordPress, máa ń ní fódà tiwọn. NextGEN Gallery, fún àpẹẹrẹ, wp-content/gallery ló ń kó tiẹ̀ sí. Lógò yín sì lè fara pamọ́ sínú themes, fódà ohun tó ń fún ìkànnì ní ìrísí. Gbogbo wp-content lódindi ni èmi máa ń kó.

Báwo ni mo ṣe máa kó o wálé?

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni cPanel, ojú-ìwé tí ilé-iṣẹ́ tó gba ìkànnì sílé fi ń jẹ́ kí ẹ ṣàkóso sẹ́fà yín. Ẹ ṣí File Manager, ẹ gba inú public_html dé wp-content, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ uploads, ẹ mú Compress, ẹ mú Zip. Tó bá ti dì í tán, ẹ dáńlóòdù rẹ̀, kí ẹ sì pa zip náà rẹ́ lórí sẹ́fà. Ẹ má gbàgbé èyí tó kẹ́yìn yẹn. Zip tó bá jókòó sínú public_html, ẹnikẹ́ni tó bá mọ orúkọ rẹ̀ lè dáńlóòdù rẹ̀, ó sì ń jẹ nínú ààyè tí ẹ ń sanwó fún.

Ẹ má retí pé zip máa sọ ẹrù di fúyẹ́. JPEG ti kóra jọ tán láti inú kámẹ́rà. Àwòrán gigabyte 5, zip rẹ̀ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gigabyte 5. Ohun tí zip ṣe fún wa ni pé ó di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì sí ẹrù kan ṣoṣo.

Ọ̀nà kejì ni FileZilla, ètò tó ń gbé fáìlì láàárín kọ̀ǹpútà yín àti sẹ́fà, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Ọ̀fẹ́ ni. SFTP, ọ̀nà ìgbéfáìlì tó ń bo pásíwọ́ọ̀dù lójú, ni kí ẹ fi wọlé, tó sábà máa ń gba pọ́ọ̀tù 22. Ẹ má lo FTP lásán, nítorí ìhòòhò ni pásíwọ́ọ̀dù yín ń rìn kọjá nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yín wà lápá òsì, sẹ́fà wà lápá ọ̀tún. Ẹ wọ́ fódà láti ọ̀tún sí òsì, ó parí.

Ìdí tí mo fi yan èyí ni nẹ́tíwọ̀kì wa. Tí zip gigabyte 6 bá já nígbà tó ku díẹ̀ kó wọlé, bíráwúsà lè ní kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ láti òdo, dátà yín ti lọ nìyẹn. Ní FileZilla, fáìlì tó ti wọlé ti wọlé, ibi tó dúró sí ni ẹ ó ti máa bá a lọ. Tó bá jẹ́ zip lẹ fẹ́ dandan, ẹ dì í ní ọdún kọ̀ọ̀kan: uploads-2021, uploads-2022, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òru ni èmi máa ń ṣe é, nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá fúyẹ́. Mo ti máa rí i pé bátìrì kún kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí iná kì í dágbére.

Orí WordPress.com ni tèmi wà, kò sí cPanel níbẹ̀.

Ẹ lọ sí Tools, ẹ mú Export. Bọ́tìnnì ti ọ̀rọ̀ wà lọ́tọ̀, ti àwòrán tó ń jẹ́ Export media library wà lọ́tọ̀. Ẹ mú méjèèjì. Fáìlì tar ni ti àwòrán. 7-Zip á bá yín ṣí i lórí Windows.

Ọ̀kan ṣoṣo ni àwòrán tí mo gbé sókè. Kí ló dé tó di mẹ́jọ nínú fódà?

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan wò. Ọjọ́ Ọlọ́jọ́ ni, Ọọ̀ni jáde láàfin pẹ̀lú adé Arẹ̀ lórí, adé tí a kì í rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Kámẹ́rà yín yà á ní 6000 lọ́nà 4000. Ẹ sọ fáìlì náà ní olojo-are.jpg, ẹ gbé e sókè. Tí ẹ bá wọ inú fódà, ẹ ó bá olojo-are-150x150.jpg, olojo-are-300x200.jpg, òmíràn tó parí sí 768x512, òmíràn sí 1024x683, òmíràn sí 1536x1024, òmíràn sí 2048x1365, lẹ́yìn náà olojo-are-scaled.jpg tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2560, àti olojo-are.jpg fúnra rẹ̀. WordPress ló gé wọn, kí fóònù kékeré má baà máa fa àwòrán ńlá. Ẹ̀yà 5.3 tó jáde ní ọdún 2019 ló mú -scaled yẹn wá.

Èyí tí kò ní ìrù kankan lẹ́yìn orúkọ ni ojúlówó. Òun nìkan ni ẹ lè tẹ̀ sórí pátákó ńlá tí kò ní fọ́ lójú. Mo ti rí ẹni tó pa -scaled mọ́, tó sì pa ojúlówó rẹ́ nítorí ó rò pé ẹ̀dà ni; ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Àwọn plugin tó ń dín ìwọ̀n àwòrán kù náà lè gbé èyí tó fúyẹ́ lé ojúlówó lórí, kí ẹ má sì mọ̀.

Ṣé ẹ lè fi àwọn kéékèèké sílẹ̀ tí ààyè bá há? Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí àṣẹ wp media regenerate, tí a ń kọ sórí sẹ́fà nípasẹ̀ WP-CLI, lè gé wọn lọ́tun. Ṣùgbọ́n ojú-ìwé àtijọ́ máa ń pe ìwọ̀n kan pàtó, ìwọ̀n tí theme àná gé, theme òní lè má gé e mọ́. Bí ọ̀nà bá wà, ẹ kó gbogbo rẹ̀.

Tí fódà bá ti wà lọ́wọ́ mi, kí ni mo tún ń wá lọ sínú dátábéèsì?

Orúkọ ni. Ẹ ṣí fódà, ẹ ó rí IMG_4471.jpg. Ìyá arúgbó kan wọ iyùn, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọmọdé kan fara ti orúnkún rẹ̀. Ta ni? Agboolé wo ni? Ọdún wo? Ẹ̀yin ti kọ gbogbo rẹ̀ sábẹ́ àwòrán náà lórí ìkànnì, ṣùgbọ́n inú dátábéèsì ni àlàyé yẹn ń gbé, kò sí nínú àwòrán. Kó tó ogún ọdún sí i, kò ní sí ẹni tó máa lè dá ìyá náà mọ̀ mọ́.

Ẹ ṣí phpMyAdmin nínú cPanel, ẹ mú dátábéèsì yín, ẹ tẹ Export, ẹ mú SQL. Ìṣẹ́jú méjì ni, kì í sì í sábà wúwo. Ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fódà àwòrán, kí ẹ sì kọ ọjọ́ kan náà sí orúkọ méjèèjì.

Ọ̀nà kan tún wà tí mo fẹ́ kí àwọn ayàwòrán wa mọ̀. Fáìlì JPEG ní ibì kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IPTC, tí ẹ lè kọ àlàyé sí kí ẹ tó gbé e sókè. Nígbà náà, ibi tí àwòrán bá lọ, orúkọ á bá a lọ. WordPress sì máa ń ka àlàyé náà fúnra rẹ̀.

Mo fi àmì ohùn sórúkọ fáìlì mi dáadáa. Kí ló dé tí wọn kò hàn lórí ìkànnì tuntun?

Ìbéèrè yìí, àwa Yorùbá gan-an ló kàn. Lẹ́tà ọ́ tí ẹ rí yẹn, kò ní àmì kan ṣoṣo tó dá dúró fún un nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Wọ́n lè kọ ọ́ ní ọ pẹ̀lú àmì òkè. Wọ́n lè kọ ọ́ ní ó pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Wọ́n sì lè tú u palẹ̀ sí o, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè. Lójú wa, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Lójú sẹ́fà, orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kọ̀ǹpútà Mac àtijọ́ a máa tú orúkọ fáìlì palẹ̀, sẹ́fà Linux sì máa ń gba orúkọ bó ṣe bá a. Àwòrán tí dátábéèsì ń pè ní Ọlọ́jọ́ kan, tí fódà ń pè ní Ọlọ́jọ́ mìíràn: wọn kò ní ríra. Zip náà lè sọ orúkọ náà di wúruwùru tó bá gba inú ẹ̀rọ tí kò gbọ́ èdè wa kọjá.

Ó dùn mí láti sọ ọ́, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n kọ Yorùbá bó ṣe yẹ níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n fún orúkọ fáìlì, ẹ lo lẹ́tà lásán: olojo-2023-aafin-01.jpg, láìsí àlàfo, láìsí àmì. Ẹ wá kọ Yorùbá yín pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ sínú àkọlé àti àlàyé àwòrán, ibẹ̀ ni àwọn òǹkàwé ti máa rí i, kò sì ní ba ohunkóhun jẹ́.

Ṣé mo lè fi èyí tó wà lórí WhatsApp àti Facebook ṣe ẹ̀dà ìpamọ́?

Rárá. Àwọn méjèèjì máa ń dín àwòrán kù kí wọ́n tó gbé e sókè, wọ́n sì máa ń yọ ọjọ́ àti àlàyé tó wà nínú fáìlì. Tí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp kó pé, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document.

Ilé-iṣẹ́ hosting sọ pé àwọn ń ṣe backup lójoojúmọ́. Ṣé kò tó?

Ó dáa kí wọ́n máa ṣe é. Kò tó. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021, iná jó ilé sẹ́fà OVH ní Strasbourg nílẹ̀ Faransé, ọ̀kan nínú ilé náà sì jó tán pátápátá. Àwọn oníbàárà kan wà tí wọ́n sanwó fún ẹ̀dà ìpamọ́. Àṣé ibi kan náà ni ẹ̀dà ọ̀hún wà, ó bá ojúlówó lọ.

Kì í sì í ṣe iná nìkan. Káàdì náírà lè kọ̀ láti san dọ́là lọ́jọ́ tó yẹ kí owó lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan, nẹ́tíwọ̀kì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì kan àwa náà. Lọ́jọ́ náà, ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lórí háàdì dísìkì nílé ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní tiẹ̀.

Ìlànà kan wà tí Peter Krogh, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, sọ di mímọ̀: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn. Bí mo ṣe ń là á fún àwọn ará Ifẹ̀ nìyí: ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan lórí háàdì dísìkì nílé, ọ̀kan lórí Google Drive. Kí háàdì dísìkì má ṣe máa bá kọ̀ǹpútà rìn nínú báàgì kan náà. Olè kan ṣoṣo ló máa gbé méjèèjì.

Fúláàṣì ńkọ́?

Fún gbígbé fáìlì láti ibì kan sí ibòmíràn, ó dáa. Fún ọdún púpọ̀, rárá. Tí fúláàṣì bá kọ̀ láti gba zip yín tó ju gigabyte 4 lọ, tó sì ní ààyè, FAT32, ìlànà ìtò fáìlì tí kì í gba fáìlì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ni wọ́n fi ṣe é; ẹ kó ohun inú rẹ̀ kúrò, ẹ tún un ṣe sí exFAT.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀dà mi pé?

Ẹ ṣí i. Ẹ̀dà tí ẹ kò tíì ṣí rí, ìrètí lásán ni, ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo mọ̀ ló sì ń fi ìrètí sùn.

Ẹ kọ́kọ́ ka iye fáìlì. Tí fódà orí sẹ́fà bá ní 24,180, ti ilé gbọ́dọ̀ ní 24,180. Ẹ wo ìwọ̀n náà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àwòrán bíi mẹ́wàá láti ọdún oríṣiríṣi, kí ẹ wò ó dé ìsàlẹ̀. Àwòrán tó já lọ́nà máa ń dára lókè, kó wá di eérú láti àárín. Fún zip, ẹ lè béèrè àmì ìdánimọ̀ rẹ̀. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ certutil -hashfile uploads-2023.zip SHA256. Lórí sẹ́fà, sha256sum ni. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 ló máa jáde. Tí ìkan nínú wọn bá yàtọ̀, fáìlì náà kò pé. Ẹ tún un dáńlóòdù.

Ìdánwò tó dájú jù ni kí ẹ gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà yín pẹ̀lú XAMPP, ètò tó ń sọ kọ̀ǹpútà di sẹ́fà, kí ẹ wò ó bóyá ìkànnì náà dìde. Mo máa ń ṣe èyí fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Iṣẹ́ ni, n kò ní parọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ló jẹ́ kí n máa sùn.

Ìgbà mélòó ni kí n máa ṣe é?

Ẹ bi ara yín pé: iṣẹ́ ọjọ́ mélòó ni mo lè pàdánù kí n má sunkún? Ayàwòrán gbọ́dọ̀ ṣe é lẹ́yìn òde kọ̀ọ̀kan, ilé-ìwé lè ṣe é ní ìparí sáà. Plugin tó ń jẹ́ UpdraftPlus máa ń ṣe é fúnra rẹ̀, á sì gbé e lọ sórí Google Drive lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ rántí pé gigabyte 15 ọ̀fẹ́ ti Google yẹn, Gmail àti àwòrán fóònù yín ń jẹ nínú rẹ̀. Tó bá kún, ẹ̀dà tuntun kò ní wọlé, ẹ sì lè má tètè mọ̀.

Ilé-ìwé ni tiwa. Àwòrán àwọn ọmọ ló pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ fi pásíwọ́ọ̀dù ti háàdì dísìkì yẹn, kí ẹ sì mọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà ti wà láti ọdún 2023, ó sì kan ẹ̀dà ìpamọ́ pẹ̀lú. Tí òbí kan bá ní kí ẹ yọ àwòrán ọmọ òun, ẹ yọ ọ́ nínú ẹ̀dà náà.

Ìkànnì mi ti kú pátápátá, n kò sì ní ẹ̀dà kankan. Ṣé ó ti tán?

Ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà lónìí, kí ẹ má dúró dọ̀la; àwọn kan máa ń tọ́jú ẹrù oníbàárà fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó dà á nù. Ẹ lọ sí web.archive.org, ẹ kọ àdírẹ́sì ìkànnì yín síbẹ̀. Internet Archive ti ń ya ojú-ìwé ayélujára pamọ́ láti ọdún 1996, tiyín lè wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n kékeré ni àwòrán sábà máa ń jẹ́. Ẹ kó gbogbo mẹ́mórì káàdì àtijọ́ jáde, ẹ má ya nǹkan kan sí i lórí, PhotoRec, ètò tó ń wá fáìlì tó sọnù, lè rí ohun tí ẹ ti pa rẹ́.

Ohun tí èmi àti ayàwòrán Sábó yẹn ṣe nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ náà ní ó ti pẹ́ jù. Orí web.archive.org, a rí àwòrán bíi irínwó, 300 lọ́nà 200 ni ọ̀pọ̀ jù, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lójú kọ̀ǹpútà. Mẹ́mórì káàdì méjì fún wa ní ìgbéyàwó mẹ́ta lódindi. Ó wá pe àwọn tó ti ya fún rí lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan sì fi tiwọn ránṣẹ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú fódà kan, ó sọ ọ́ ní eyi-to-pada.

Háàdì dísìkì méjì ló ń lò báyìí. Ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, èkejì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Iléṣà, gbogbo ìparí oṣù ló sì máa ń wọkọ̀ lọ síbẹ̀ láti lọ pààrọ̀ wọn.